Kí Ẹ Tó Ra Ìbọ̀wọ́ Alùpùpù

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ wíwọ̀, orí gèlè ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, a ó sọ̀ kalẹ̀ dé bùbá àti ìró, a ó sì parí rẹ̀ sí bàtà. Ọwọ́ ni a máa ń fò dá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì sọ pé ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ yìí ni a fi ń ro ọkà, òun ni a fi ń wẹ ọmọ, òun ni a fi ń fọ aṣọ, òun náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi ń di alùpùpù mú láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ jíròrò lóṣù yìí lórí ìbọ̀wọ́ tí a ń wọ̀ gun alùpùpù, bí a ṣe ń yàn án, àti bí ó ṣe yẹ kí ó bá ojú ọjọ́ wa mu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Ìbọ̀wọ́ kẹ̀? Ṣé ìlú òyìnbó ni a wà ni?" Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Òkè-Ògùn wa yìí, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, láti Òkèhò títí dé Ìgbòho, alùpùpù ni ẹsẹ̀ wa. Òun ni ó ń gbé wa dé oko, òun ni ó ń gbé iṣu àti ẹ̀gẹ́ dé ọjà, òun náà ni ó ń gbé aboyún dé ilé ìwòsàn lóru. Àwọn obìnrin kò sì gbẹ́yìn nínú gígùn rẹ̀ mọ́: olùkọ́ ń gùn ún, nọ́ọ̀sì ń gùn ún, ìyá ọlọ́jà ń gùn ún. Ohun tí a bá ń lò lójoojúmọ́ báyìí, ó yẹ kí a mọ aṣọ tí ó yẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo gbéra ní Ṣakí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láti lọ kọ́ àwọn obìnrin abúlé kan lójú ọ̀nà Ìgbòho ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn, nítorí olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ọyẹ́ ọjọ́ náà bo òkè Aṣabàrí tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò fi ní mọ̀ pé òkè kankan wà níbẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn kan tí mo rà ní ìsọ̀ bọ́síkọ̀rọ̀. Ó pupa fòò, wọ́n ṣe òdòdó funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì móoru dáadáa. Inú mi dùn sí i. N kò bi ara mi ní ìbéèrè mìíràn.

Nígbà tí mo sún mọ́ abúlé náà, agbo màlúù kan yọ láti inú igbó, wọ́n ń gba ojú ọ̀nà kọjá. Mo na ìka láti fa bíréèkì. Ṣùgbọ́n ìka ìbọ̀wọ́ náà gùn ju ìka mi lọ, irun rẹ̀ sì ń yọ̀ lára irin. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi yọ̀. Nígbà tí mo tún un fà, èyí tí ó ṣẹ́kù ní orí ìka ìbọ̀wọ́ náà ti há sábẹ́ irin bíréèkì, kò jẹ́ kí ó wọlé tán. N kò kọ lu màlúù kankan, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n alùpùpù dojú dé pẹ̀lú mi, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀ líle tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́.

Akoto wà lórí mi, nítorí náà orí mi kò fara pa. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ olódòdó náà fà ya bí ewé. Òwú rẹ̀ wọ inú egbò lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú mi pẹ́ púpọ̀ lórí yíyọ fọ́nrán pupa kan tẹ̀ lé òmíràn, n kò sì mọ èyí tí í ṣe òwú yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọwọ́ mi fi wà nínú báńdéèjì. N kò lè wẹ ọmọ mi. N kò lè pọ̀n ọ́n, nítorí pé n kò lè so ọ̀já. Bí ebi bá ń pa á, ìyá ọkọ mi ni yóò gbé e sí mi láyà, tí yóò sì dì í mú títí yóò fi mu ọmú tán. Ọmọ náà yóò máa wo ojú mi, yóò na ọwọ́ rẹ̀ kékeré sí báńdéèjì náà, èmi kò sì lè di ọwọ́ náà mú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ tí ò ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń yan aṣọ, ta ni ó bá ọ yan èyí?" Kò fi í ṣe ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìbọ̀wọ́ bí mo ṣe ń wo aṣọ yòókù: kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ni a fi ṣe é, ta ni yóò wọ̀ ọ́, yóò ha sì tọ́jọ́ bí?

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìbọ̀wọ́ alùpùpù ń ṣe. Èkínní ni pé kí ó jẹ́ kí ọwọ́ rí bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì fà láìsí ìdíwọ́. Èkejì ni pé, bí ìṣubú bá dé, òun ni kí ó fara gba ilẹ̀ dípò awọ ara wa. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó dáàbò bò wá lọ́wọ́ ọyẹ́, oòrùn àti òjò. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí gan-an ni kí ẹ máa tẹ̀ lé e bí ẹ bá dé ìsọ̀. Àṣìṣe tèmi ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹta, mo sì dúró síbẹ̀. Ojú ọjọ́ ni ó máa ń rán wa lọ ra ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n bíréèkì àti ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó bá wa yàn án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Alùpùpù tí ó ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìka tí òtútù mú kú tipiri, tàbí èyí tí ìbọ̀wọ́ dí lọ́wọ́, bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré pẹ́ kí ó tó fa bíréèkì, ẹni náà ti rìn kọjá ìwọ̀n yàrá mẹ́rin tí a tò tẹ̀ léra. Nínú yàrá mẹ́rin yẹn ni màlúù lè wà, ọmọ ilé-ìwé sì lè wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ọwọ́ yín. Ẹ fi téèpù aránṣọ yí àtẹ́lẹwọ́ ká ní ibi tí ó gbòòrò jù, ẹ má ka àtàǹpàkò mọ́ ọn. Iye íǹṣì tí ẹ bá rí ni ó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ tí ó jẹ́ íǹṣì 7, èyí tí í ṣe nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18, nọ́ńbà 7 ni yóò wọ̀. Èyí tí ó jẹ́ íǹṣì 8, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, nọ́ńbà 8 ni tirẹ̀. Ìyàwó tí ó bá yá ìbọ̀wọ́ ọkọ rẹ̀ wọ̀ kò ṣe ara rẹ̀ lóore. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìwọ̀n ọwọ́ kálukú yàtọ̀.

Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ká ọwọ́ kò bí ẹni tí ó di nǹkan mú. Kò gbọdọ̀ sí àyè ṣíṣófo tí ó pọ̀ ní orí ìka, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fún èékánná pa. Kò gbọdọ̀ ká jọ ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù yín lórí tábìlì, kí ẹ fi í sí ojú ihò rẹ̀, kí ẹ sì yí i. Ẹ tẹ fèrè. Láìtan iná ẹ̀rọ náà, ẹ fa bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ní ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí nǹkan bá há, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ yín, ẹ bọ́ ọ, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ń tà á, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra òfì ní Ìṣẹ́yìn, ì báà ṣe sányán, ì báà ṣe àlàárì, ì báà ṣe ẹtù, kì í wo àwọ̀ nìkan. Yóò yí i padà wo ẹ̀yìn, yóò sì fa ojú ibi tí a ti rán an pọ̀ wò bóyá ó dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe sí ìbọ̀wọ́. Ojú ibi tí a rán lẹ́ẹ̀mejì sàn ju èyí tí a rán lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí awọ ìdí àtẹ́lẹwọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí pé ibẹ̀ ni a sábà máa ń fi gbá ilẹ̀. Bí nǹkan líle bá wà lórí oríkèé ìka láti dáàbò bò ó, ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ìdè sì wà ní ọrùn ọwọ́. Ẹ dè é, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa ìbọ̀wọ́ náà láti orí ìka. Bí ó bá bọ́ nínú ìsọ̀, yóò bọ́ lórí títì pẹ̀lú.

Ẹ tún wá àkọlé kékeré tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí EN 13594, ìyẹn ni àmì ìlànà tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ń dán ìbọ̀wọ́ alùpùpù wò. Nọ́ńbà 1 tàbí 2 yóò tẹ̀ lé e, 2 ni ó sì lágbára jù. Bí ẹ bá rí KP, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán ààbò oríkèé ìka wò. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àkọlé fọ́ yín lójú: tókúńbọ̀ tí oòrùn àti òógùn ti jẹ kò lè ní agbára tí ó ní nígbà tí ó wà ní titun.

Ní ti ohun tí a fi ṣe ìbọ̀wọ́, awọ ni mo fi ọwọ́ sí. Awọ màlúù nípọn, ó sì lágbára. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó rọ̀ mọ́ ọwọ́, síbẹ̀ ó yi. Òun ni mo fẹ́ràn fún ọwọ́ obìnrin. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò ń fi ràkúnmí gbé awọ ewúrẹ́ pupa láti ilẹ̀ Haúsá la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, àwọn ará Yúróòpù sì ń pè é ní awọ Mòrókò nítorí pé láti ibẹ̀ ni ó ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú awọ, èyí tí í ṣe ike tí a lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e: awọ gidi yóò fi fọ́nrán ara rẹ̀ hàn, ayédèrú yóò fi aṣọ hàn lábẹ́ ike. Nínú oòrùn wa yìí, ike náà kì í pẹ́ tí yóò fi máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ní ti irun àgùntàn tàbí òwú lásán, kò ṣeé fi gbá ilẹ̀. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni mí. Ẹni tí kò bá rí ju ìbọ̀wọ́ awọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò lọ lè wọ̀ ọ́, ó sàn ju ọwọ́ lásán lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó tóbi jù, tí kò sì ní ìdè. Ẹ dán an wò lórí bíréèkì kí ẹ tó sanwó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí ojú ọjọ́. Ọyẹ́ ni ó ń dààmú ọwọ́ wa jù. Atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni. Ó ń fa omi ara, ó ń mú kí àtẹ́lẹwọ́ sán. Òtútù rẹ̀ a máa mú ní àárọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sán, oòrùn a tún máa ta. Ẹni tí ó bá ra ìbọ̀wọ́ nínípọn nítorí àárọ̀ yóò bọ́ ọ sínú àpò ní ọ̀sán, yóò sì fi ọwọ́ lásán darí sílé. Nítorí náà, ẹ ra ìbọ̀wọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kí ẹ sì rán ìbọ̀wọ́ inú fún un. Ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú àtijọ́ tí ó mọ́, tí ó sì ń nà. Ẹ tẹ́ ọwọ́ lé bébà, ẹ fa ìlà yí i ká, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì sílẹ̀ fún ojú rírán, kí ẹ sì gé aṣọ náà ní ìṣẹ́po méjì. Ẹ rán an, kí ojú rírán wà ní ìta kí ó má baà máa ha ìka. Òun ni ẹ ó máa wọ̀ sábẹ́ ti awọ ní àárọ̀ ọyẹ́, tí ẹ ó sì máa bọ́ bí oòrùn bá mú. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà nígbà tí ẹ bá ń lọ ra ti awọ, nítorí pé ó ń gba àyè.

Òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní Ṣakí àti agbègbè rẹ̀ dára púpọ̀ fún ọwọ́ tí ó ń sán. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni kí ẹ máa fi í pa ọwọ́, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń gbéra. Ọwọ́ tí ó ń yọ̀ nínú ìbọ̀wọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń yọ̀ lára bíréèkì.

Bí ọyẹ́ bá lọ tán, tí ooru dé ṣáájú òjò, òógùn ni ọ̀tá. Ẹni tí ó bá lágbára láti ra oríṣi kejì, kí ó wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn lè gbà wọlé, ṣùgbọ́n tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ awọ. Ẹ má torí ooru gé orí ìka ìbọ̀wọ́ kúrò, nítorí pé orí ìka kò lè ṣàì kan ilẹ̀ bí èèyàn bá ṣubú.

Nígbà òjò, láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ẹ mọ̀ pé awọ a máa mu omi, omi a sì máa fa ooru ara kúrò lọ́wọ́, tí ìka yóò fi le gbagidi bí ìgbà ọyẹ́. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rá wé ọwọ́ kí wọ́n tó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má dán an wò, ọ̀rá a máa yọ̀. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń di ìbọ̀wọ́ inú méjì sínú ọ̀rá nínú àpò mi. Bí ìjì òjò bá ti ń ṣú bọ̀, mo máa ń yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tàbí ilé-ìwé, n kì í dúró sábẹ́ igi nítorí àrá. Bí òjò bá dá, mo fún omi inú ìbọ̀wọ́ awọ dànù, mo wọ èyí tí ó gbẹ sínú, mo sì ń rọra lọ. Kò sí ìbọ̀wọ́ tí ó lè dípò sùúrù nínú òjò.

Bí ẹ bá délé, ẹ má sá ìbọ̀wọ́ awọ sí iwájú iná tàbí sínú oòrùn gangan, yóò gan, yóò sì sán. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ kì í nínú kí ó fa omi rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí ó bá gbẹ tán, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, ẹ má fi kan àtẹ́lẹwọ́. Ìbọ̀wọ́ inú ni kí ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ déédéé. Èyí tí ó bá ti gbá ilẹ̀, tí ojú rírán rẹ̀ tú, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ wá òmíràn.

Mo mọ̀ pé owó ni yóò fa ọ̀rọ̀. Ẹ kà á mọ́ owó aṣọ ilé, ẹ dá àjọ fún un bí ẹ ṣe ń dá àjọ aṣọ ọdún. Ọwọ́ tí ó wà nínú báńdéèjì kì í ro ọkà, kì í sì í tajà. Bí ó bá sì jẹ́ pé baálé yín ni ó ń fi ọ̀kadà wá oúnjẹ, ẹ fi téèpù wọn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń sinmi, kí ẹ mú ìwọ̀n náà lọ sí ìsọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé kí a lè dá a padà bí kò bá bá bíréèkì rẹ̀ mu ni ẹ ṣe bá ẹni tí ó tà á ṣàdéhùn.

Ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí kí ẹ̀ṣọ́ má baà mú wọn. Gbogbo wa ni a fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ olódòdó mi kò yàtọ̀ sí igbá wọ̀nyẹn. Wọ́n bo ojú ẹ̀ṣọ́, wọn kò bo orí. Èmi náà bo òtútù, n kò bo ọwọ́.

Ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi, yóò fi ìka tọ ojú àpá náà, yóò bi mí ní ohun tí ó ṣe mí níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ìbọ̀wọ́ tí n kò fara balẹ̀ yàn ni. Lẹ́yìn náà ni n ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kí Ọlọ́run bá gbogbo wa ṣọ́ ọwọ́ tí a fi ń tọ́mọ. Àmín.